Bọ́ǹbù Ìkẹjà ọdún 2002: ohun tó yẹ ká sọ fún ọmọdé, àti bí ọmọdé ṣe lè ran òṣìṣẹ́ pàjáwìrì lọ́wọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, iná ràn dé ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà, l'Ékòó. Nǹkan bí aago mẹ́fà ni ariwo ńlá àkọ́kọ́ bú. Bọ́ǹbù ń dún mọ́jú, ó tún ń dún lọ́jọ́ kejì. Fèrèsé ilé tó jìnnà sí bárékè ní ọ̀pọ̀ kìlómítà fọ́, irin gbígbóná ń já bọ́ láti òkè sórí òrùlé, àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé àwọn ṣọ́jà ló tún fẹ́ gbàjọba. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 1,000.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà kò mọ̀, tí àgbà pàápàá kì í sábà sọ tán, ni pé bọ́ǹbù kọ́ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Omi ló pa wọ́n. Kánáàlì kan wà ní Òkè-Àfá, láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko tó máa ń léfòó ti bo ojú rẹ̀ bámúbámú, bí ojúoró ṣe ń bo odò, tó fi jẹ́ pé nínú òkùnkùn, koríko lásán lèèyàn máa pè é. Ogunlọ́gọ̀ tó ń sá bọ̀ fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lódìkejì. Àwọn tó wà níwájú kó sómi. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí i, wọ́n ń tì wọ́n lọ. Ó lé ní 600 èèyàn tó kú sínú kánáàlì yẹn, ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn. Òkúta ìrántí wà ní Òkè-Àfá títí dòní, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé òdòdó lọ bí ọjọ́ náà bá yí po. (Kì í ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú 15 oṣù kìíní, tí gbogbo Nàìjíríà fi ń ṣèrántí àwọn ọmọ ogun tó ṣubú. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń pa méjèèjì pọ̀.)

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyẹn pé ohun tó ń dún kò lé wọn bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀nà tó dára fún wọn láti gbà. Òṣìṣẹ́ pàjáwìrì kò tó, àwọn tó sì wà kò ráyè kọjá láàárín èrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìrántí ọjọ́ yìí fún ọmọdé kò gbọdọ̀ parí sórí ẹkún àti àdúrà. Ọmọ tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Àfá, tó mọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, ti mọ ìdajì ohun tí panápaná ń fẹ́ kó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi pa ọmọ lẹ́nu mọ́

Bí ọmọ bá béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé bọ́ǹbù yẹn tún lè dún?", èyí tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu ẹ kọ́ la ó ti gbọ́ ọ." Àdúrà ni, ó sì tọ́ ká ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ ṣì wà nílẹ̀. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún gbà pé ohun tí òun bá rò tàbí tí òun bá sọ lè ṣẹ. Tí a bá ní kó má fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, ó lè gbà pé bí aburú bá dé lọ́la, òun ló pè é. Ẹ ṣe àdúrà yín, kí ẹ wá dá a lóhùn: "Ohun ìjà tó ti gbó ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, iná sì dé ibẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nítòsí ilé wa. Bí ariwo ńlá bá tiẹ̀ dún, ohun tí a ó ṣe nìyí." Kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ó ṣe ní tòótọ́. Bó bá jẹ́ pé etí bárékè lẹ ń gbé, ẹ má sọ pé kò sí nítòsí. Ọmọ máa mọ̀.

Èkejì ni àdàpè ikú. Èdè wa lọ́rọ̀ púpọ̀ níbi èyí: ó papò dà, ó ti sùn, ó ti rìnrìn àjò, wọ́n ti ránṣẹ́ pè é lókè. Láàárín àgbà, àpọ́nlé ni. Létí ọmọ kékeré, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ló ń gbọ́. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé àwọn ọmọ Òkè-Àfá "ti sùn" lè bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oorun, èyí tí wọ́n sọ fún pé ẹnì kan "rìnrìn àjò" á máa dúró de ẹ̀bùn ìrìn àjò. Ẹ lo ọ̀rọ̀ náà gan-an: "Wọ́n kú. Ara wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn kò mí mọ́, kò sì sí ohun tó ń dùn wọ́n mọ́." Gbólóhùn mẹ́ta yìí tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Bó bá tún béèrè lọ́la, ẹ tún un sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Bí ọmọ ṣe ń lóye nǹkan nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá máa ń fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí bọ́ǹbù fi ń dún léraléra? Kí ló dé tí wọn ò lúwẹ̀ẹ́? Ẹ má bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má sì rò pé àìláàánú ni. Ẹ ya máàpù sórí ìwé: bárékè níbí, Oshodi níbí, Ìsọlọ̀ níbí, kánáàlì níbí. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fi ìka tọ ọ̀nà tí èèyàn ì bá gbà tí kò fi ní dé ibi omi. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé pé kéèyàn kọ́kọ́ wo iwájú rẹ̀ kó tó sáré.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn á béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ọ̀gá bárékè náà nígbà yẹn, Ọ̀gágun George Emdin, tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ológun, ó sì sọ pé ilé ohun ìjà náà ti gbó, pé wọ́n ń gbìyànjú àtitún un ṣe kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́ lè bínú sí èyí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́.

Fídíò ọjọ́ náà àti àwòrán òkú kò yẹ lójú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ọmọ kékeré kò mọ̀ pé fídíò kan náà ni wọ́n ń gbé padà. Lójú tirẹ̀, gbogbo ìgbà tí bọ́ǹbù bá dún lórí fóònù ni èèyàn mìíràn tún ń kú. Bí ọmọ bá ń fi eré ṣe bọ́ǹbù lẹ́yìn tó gbọ́ ìtàn náà, ẹ má nà án, ọ̀nà tó ń gbà gbé ọ̀rọ̀ náà mì ni. Àmọ́ bó bá ti kọjá oṣù kan tó ṣì ń tọ̀ sílé nígbà tó ti jáwọ́ tẹ́lẹ̀, tó ń ta jí pẹ̀lú igbe lóru, tàbí tí kò fẹ́ kí ẹ kúrò lójú òun rárá, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Orúkọ ìyá ọmọ

Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìjàǹbá náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sọnù sọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ibi tí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ti máa ń dojú rú nìyí: "Kí lorúkọ màmá ẹ?" "Mọ́mì." "Àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní kí ni?" "Ìyá Kúnlé." Ìyá Kúnlé tó wà l'Ékòó kò níye. Àwa Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ, nítorí náà ọmọ lè dàgbà di ọdún méje láìmọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹ jókòó ti ọmọ ní àṣálẹ́ kan kí ẹ kọ́ ọ ní ohun mẹ́rin: orúkọ tirẹ̀ ní kíkún, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ ní kíkún, àdúgbò àti bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ilé, àti nọ́ńbà fóònù kan. Kì í ṣe méjì o, kan ṣoṣo, kó lè dúró lórí. Ẹ sọ ọ́ di orin, ẹ pín nọ́ńbà 11 náà sí mẹ́rin-mẹ́ta-mẹ́rin. Ẹ sọ fún un kedere pé kò sí àrífín níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ pàjáwìrì bá béèrè orúkọ yín tó sì dáhùn. Ní ti ọmọ tí kò tíì lè há a sórí, ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré, ẹ fi sí ìsàlẹ̀ báàgì ilé ìwé, níbi tí ẹni tó bá kàn ń kọjá kò ti ní rí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ibi méjì tí gbogbo ilé á ti pàdé bí ẹ bá tú ká: ọ̀kan ní ìta ilé, ọ̀kan ní òpin àdúgbò. Ẹ rìn débẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lálẹ́, nígbà tí kò sí iná.

Fóònù

Nọ́ńbà tó wà fún gbogbo Nàìjíríà ni 112. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń lọ bí kò bá tilẹ̀ sí owó lórí fóònù. L'Ékòó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Fún ìjàǹbá ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí àṣìṣe wà ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ bí wọ́n bá gbé e. Àgbà á máa pariwo pé "Ẹ gbà wá o! Iná o!", nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí iná ọ̀hún wà. Ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, torí bí ìlà bá já lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ṣì lè gbéra. Ẹ kọ́ ọmọ báyìí: "Ẹ káàsán, sà. Èjìgbò ni, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àgbà, géètì aláwọ̀ ewé. Iná ń jó nínú ilé alájà kan. Màmá àgbà kan ṣì wà nínú ilé. Orúkọ mi ni báyìí." Ẹ rí i pé àmì àdúgbò ṣáájú orúkọ òpópónà, nítorí orúkọ òpópónà kan náà lè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta l'Ékòó. Kí ọmọ má pa fóònù títí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ yóò fi ní kó pa á.

Ẹ fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ṣe ìdánrawò, ẹ má fi fóònù gidi ṣe é. Àìmọye ìpè tó ń wọlé sí irú nọ́ńbà wọ̀nyí ló jẹ́ eré ọmọdé, pàápàá ọmọ tí wọ́n gbé fóònù lé lọ́wọ́ kó má bàa sunkún. Ìṣẹ́jú méjì tí òṣìṣẹ́ fi ń sọ "Hẹ́lòó, hẹ́lòó" sí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ń dúró lórí ìlà. Ẹ sọ èyí fún ọmọ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, á yé e.

"Wọ́n wá láìní omi"

Kò sí ohun tó ń ba panápaná nínú jẹ́ tó ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló sì ń mú kí èrò máa sọ òkúta lù wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ọmọ. Bí ọkọ̀ kan bá gbé omi lítà 5,000, tí páìpù kan sì ń tú lítà 500 jáde ní ìṣẹ́jú kan, omi ọ̀hún á tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ta páìpù méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ̀ kún nígbà tó dé. Iná ilé alájà mẹ́ta ló tóbi ju omi rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń lọ pọn omi padà, tí àwọn tó ń wò á sì máa rò pé ó ń sá lọ. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mẹ́rin lè ṣe ìṣirò yìí, kó sì lọ ṣàlàyé rẹ̀ nílé. Bí ilé kan ládùúgbò bá ní kànga tàbí táǹkì ńlá, kí àgbà lọ sọ fún ọ̀gá panápaná kí omi ọkọ̀ tó tán.

Ohun tó ń pẹ́ wọn lọ́nà pọ̀ ju omi lọ. Géètì àdúgbò tí wọ́n tì pa, tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ sóde àríyá. Mọ́tò tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òpópónà tóóró. Ilé tí kò ní nọ́ńbà. Ẹ rán àwọn ọmọ níṣẹ́ lórí èyí: kí wọ́n ka géètì àdúgbò wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ilé tiwọn ní ìwọ̀n tí dẹ́rẹ́bà lè kà lálẹ́. Nọ́ńbà tó ga tó ọwọ́ àgbà kan, funfun lórí dúdú, tó. Bí aburú bá dé, iṣẹ́ ọmọ tó ti tó ọdún méjìlá ni kó tẹ̀ lé àgbà kan lọ sí oríta, kí wọ́n máa fi tọ́ọ̀ṣì júwe ọ̀nà fún ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà wọlé. Kò sì gbọdọ̀ tẹ páìpù mọ́lẹ̀: omi á dín lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú èéfín.

Ní ti táńkà epo tó dojú dé, òfin kan ṣoṣo ni fún ọmọdé: ẹ jìnnà. Èéfín bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà, ó ń bá gọ́tà lọ síbi tí ojú kò rí i, iná díẹ̀ láti ibi tó jìnnà sì lè mú kó gbiná padà dé orí epo. Bí epo bá ń ṣàn, ó kéré tán kí èèyàn wà ní mítà 300 sí i. Bí táńkà fúnra rẹ̀ bá ti ń jó, mítà 800, ìyẹn bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Kí wọ́n gba ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bu epo ń fi ẹ̀mí tirẹ̀ àti ti panápaná wewu.

Ohun kan tún wà tí bọ́ǹbù Ìkẹjà fi kọ́ wa. Àwọn tí kò tíì bú fọ́n ká sí àdúgbò, irin roboto lásán ni wọ́n jọ lójú ọmọdé. Bí ọmọ bá rí irin àjèjì nínú koríko, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn án, kò sì gbọdọ̀ sọ òkúta lù ú. Kó gba ipa ẹsẹ̀ tó gbà wá padà, kó lọ sọ fún àgbà.

Ọgbẹ́ iná

Nǹkan tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ fọ̀ kúrò lára ẹni tó jóná ni epo pupa, ẹyin tútù, omi ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín tí aládùúgbò ti fi pa á. Àánú ló mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n epo ń há ooru mọ́ ara, ẹyin ń gbé kòkòrò àrùn wọnú ọgbẹ́, dókítà kò sì lè rí bí ọgbẹ́ ṣe jìn tó títí wọn yóò fi fọ̀ ọ́ kúrò, ìrora sì ni. Omi tútù tó ń ṣàn ni oògùn, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe yìnyín. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago kí ara tó wú, kí wọ́n má fa aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ awọ, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè di aago mú kó máa ka ogún ìṣẹ́jú náà fún àgbà, torí àgbà tí jìnnìjìnnì bá kì í jẹ́ kó pé márùn-ún.

Lẹ́tà àti ẹ̀bùn

Bí ilé ìwé bá fẹ́ mú ọmọ lọ kí panápaná, kí wọ́n kọ̀wé síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí àwọn ọmọ má ju ọgbọ̀n lọ, kí tíṣà sì ti sọ fún wọn pé bí fèrè bá dún, ògiri ni wọ́n á sún mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi inú ike tí wọn kò tíì ṣí àti bisikíìtì inú ọ̀rá ló dára láti gbé lọ. Oúnjẹ sísè kò bá wọn mu. Wọ́n lè dìde nídìí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì tutù tàbí kó bàjẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ béèrè iye òkú tí òṣìṣẹ́ ti rí. Àwọn kan nínú wọn ń gbé ohun tí wọ́n rí kiri. Ẹ jẹ́ kó béèrè bí aṣọ iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó, bí wọ́n ṣe ń mí nínú èéfín, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ wọn bí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Lẹ́tà tó dára kì í gùn, ó sì máa ń dárúkọ ohun kan pàtó: "Ẹ ṣé tí ẹ wá nígbà tí iná jó ní ọjà wa. Mo ti kọ nọ́ńbà ilé wa sára géètì kí ẹ lè tètè rí i." Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Àwọn òbí ní tiwọn lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ ìrántí, bí wọ́n bá ti pé ọdún 18 tí wọ́n sì wọ̀n tó kílò 50. Ẹ mú ọmọ dání, kó jókòó tì yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ó kó ọmọ lọ sí Òkè-Àfá gan-an: ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má gbé àbẹ́là lé ọmọ kékeré lọ́wọ́, òdòdó tó. Níbi òkúta ìrántí, ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ fi dákẹ́, torí ìyẹn ni ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe láìyí ọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kánáàlì hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò ní méjì-méjì, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, kí èyí tó dàgbà jù wà ní apá ibi omi.